Ọjọ́ Tí Àpò Ìtọ̀ Pè Mí Lẹ́jọ́

Ẹ jókòó, táyà yín kò ní sá lọ. Kí afẹ́fẹ́ tó kún inú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá fún yín, torí oorun tó gbé mi lọ lóru àná kì í ṣe oorun lásán. Látóún ìyàwó mi ló ní kí n máa sọ ọ́ kiri. Ó ní obìnrin tí nǹkan yìí ń ṣe pọ̀, tí wọ́n ń fi í pamọ́ sábẹ́ ìró bí ẹni pé wọ́n jí i gbé.

Láti ìgbà tí Látóún ti bí Mosún, ọmọ wa kékeré, àbúrò Tèmídire, ni ara rẹ̀ kò ti gún mọ́. Bí ó bá wúkọ́, ìtọ̀ á ta sílẹ̀. Bí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, àfi kí ó kọ́kọ́ fi itan di itan. Ó ní ó dà bí ẹni pé ẹyin adìẹ kan ń rọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀ òun. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, Nọ́ọ̀sì Omísadé yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní àpò ìtọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀. Ẹran ara tó gbé e dúró ti rọ̀ nígbà ìrọbí, àpò náà wá ń sinmi lé ojú ara. Ó ní kì í pani, ó sì ní ìtọ́jú. Ó lè máa fún ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń pa ìtọ̀ mọ́ra, kí ó tún tú u, lójoojúmọ́. Wọ́n sì lè fi rọ́bà róbótó kan sí i nínú tí yóò máa gbé àpò náà ró. Tàbí kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ. Ó ní kí Látóún lọ rò ó, kí ó padà wá ní Ọjọ́bọ̀ wá sọ èyí tó fẹ́.

Ọjọ́bọ̀ náà ni òní. Èmi sì ti ní kò ní lọ.

Èmi àti Nọ́ọ̀sì Omísadé ní ọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí Látóún ń rọbí Mosún, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń sọ bí wọn yóò ṣe ṣe é fún wọn. Obìnrin yìí yọjú, ó ní, “Bàbá, ẹ lọ dúró lọ́dọ̀ àwọn ewúrẹ́ níta.” Lójú gbogbo ènìyàn. Ewúrẹ́ wà níta lóòótọ́. Mo dúró lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n mo fi sọ́kàn. Ohun tí mo bá fi sọ́kàn kì í bàjẹ́.

Nítorí náà mo ní èmi fúnra mi ni n ó pinnu. Ìyá mi ti fi ọ̀já kan ránṣẹ́ láti abúlé, aṣọ òfì tó le bí okùn. Nílé tiwa, bí obìnrin bá bímọ, a ó fi omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀, a ó sì fi ọ̀já dì í títí yóò fi wọlé. Mo ní a kò dì í tó ni. Bí a bá dì í le dáadáa, ohun tó sọ̀ kalẹ̀ yóò gòkè padà. Látóún kọ ẹ̀yìn sí mi. Bí ó ṣe máa ń jà nìyẹn. Mo gbé ọ̀já náà sórí ibùsùn, mo ní bí ilẹ̀ bá mọ́ n ó dì í fún un, mo bá sùn.

Bí mo ṣe sùn báyìí, abẹ́ àtíbàbà yìí náà ni mo bá ara mi, oòrùn sì ń ràn. Ọlọ́kadà kan gbé táyà wá, ó ní ó ń jò. Mo fi irin yọ ọ́, mo fa tíúbù jáde. Tíúbù náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó wé gèlè, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o, ọkọ wa.”

Mo ní, “Oo. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?”

“Àpò ìtọ̀ Látóún ni.”

Mo ní kí ó jókòó. Kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ ìyàwó, ó yẹ kí ó mọ àwọn ará ilé rẹ̀. Mo ní ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbúròó rẹ̀. Mo rì í sínú abọ́ omi tí mo fi ń dán tíúbù wò, mo ń wá ibi tí yóò ti hó. Kò hó. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, kò hó. Mo ní n ó ṣáà lẹ̀ ẹ́. Mo ti ń fi sáńpépà ha á lẹ́yìn nígbà tó bú sẹ́rìn-ín.

“Ọkọ wa, kò sí ibi tó lu lára mi. Ilẹ̀ ilé mi ló rọ̀. Bí ilẹ̀ yàrá bá rọ̀, ṣé ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ lẹ máa ń lẹ̀ ni?”

Mo ní èmi ni fọkanáísà níbí. Ó ní òun mọ̀, ìdí nìyẹn tí òun fi pè mí lẹ́jọ́.

A gbéra. Ilé ìwòsàn kò sí níbi tó máa ń wà. Ó ti léfòó sókè orí ọjà, tòun ti òrùlé àti fèrèsé, wọ́n fi ọ̀já ìyá mi so ó mọ́ igi ìbẹ́pẹ kan kí ó má baà ṣí lọ. A gun ọ̀já náà. Àpò ìtọ̀ ń lọ níwájú, ó ń bẹ̀ mí pé kí n rọra, pé òkè gígun kò bá òun lára mu mọ́.

Bẹ́ńṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló kọ́kọ́ rí mi. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, Bàbá Tèmídire. Ẹ kò jókòó lé mi lọ́jọ́sí.” Mo ní wọn kò jẹ́ kí n jókòó. Ó ní òun wà níbẹ̀, òun rí gbogbo rẹ̀, ariwo mi ló pọ̀. Mo wo bẹ́ńṣì yẹn dáadáa, mo mọ̀ ọ́n dójú, mo fi òun náà sọ́kàn.

Ọ̀gá kan jókòó sórí tábìlì nínú ilé, ó wọ kóòtù funfun, ó dé fìlà. Ó ní ta ló ni àpò ìtọ̀ yìí. Mo ní èmi ni, ṣebí èmi ni mo fẹ́ ẹni tó gbé e wá. Ó ní ó dáa, kí n gbé e wọ̀ kí àwọn rí i. Mo gbìyànjú. Mo gbé e lé orí, ó yọ̀ bọ́. Mo fi í sápò ṣòkòtò, ó ní òórùn epo pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀gá náà mi orí, ó mi irùngbọ̀n, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó jẹ ẹ́. Nígbà tó fi máa jẹ ẹ́ tán, ó ti di òbúkọ. Mo wo Nọ́ọ̀sì Omísadé tó dúró tì í. Òun náà ti di ewúrẹ́, ewúrẹ́ dúdú tó mọ́ tónítóní, aago rẹ̀ ṣì wà láyà.

Inú mi dùn débi pé omi jáde lójú mi. Mo ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ lọ dúró lọ́dọ̀ àwọn ewúrẹ́ níta.”

Ó ní, “Bàbá, gbogbo wa la wà níta.”

Mo wò yíká. Kò sí ògiri mọ́ lóòótọ́. Mo ní kò burú, kí ẹjọ́ máa lọ.

Òbúkọ ní kí àwọn ìtọ́jú wá sọ tẹnu wọn. Ẹni àkọ́kọ́ jẹ́ ìyá arúgbó kan tó ń nà tó ń súnkì bí ìgbín. Ó ní, “Èmi ni Fún-un-kí-o-tú-u. N kò yá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá fi mí sílẹ̀, n kò ní fi í sílẹ̀.” Ẹni kejì yí gbirigbiri wọlé, rọ́bà ni. Ó ní òun kì í wo nǹkan sàn, òun kàn ń gbé e ró ni kí olóhun lè máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ; wọn á máa yọ òun fọ̀, wọn á sì dá òun padà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo bi í bóyá òun àti táyà tan, ó ní lọ́dọ̀ ìyá ni. Ẹni kẹta ga, bàtà rẹ̀ ń dán, ó mú ọ̀bẹ kékeré kan dání bí ẹni mú òdòdó. Iṣẹ́ abẹ nìyẹn. Mo rò pé yóò lérí, kò lérí. Ó ní, “Mo lè gbé e padà sókè, kí n rán an síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣì ń bímọ, ẹ bí wọn tán ná. Ìrọbí mìíràn lè tú ohun tí mo rán.”

Mo ní gbogbo wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ ẹlẹ́rìí tèmi ṣì kù. Mo pe ọ̀já. Ọ̀já tú ara rẹ̀ kúrò lára igi ìbẹ́pẹ, ó wọlé, ó fi ohùn ìyá mi sọ pé bí òun bá ti dì í le, ohun tó wà nísàlẹ̀ á gòkè. Kò sẹ́ni tó rántí pé òun ló so ilé náà mọ́lẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ. Nọ́ọ̀sì Ewúrẹ́ ní kí ó ṣe é kí àwọn rí i. Ọ̀já ní lára ta. Gbogbo wọn wò mí.

Ó wé mọ́ mi níkùn. Òbúkọ fi eyín mú etí kan, ewúrẹ́ mú ìkejì, wọ́n fà. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀. Wọ́n fà á sí i. Mo ní ó tó. Wọ́n tún fà á. Ni mo bá gbọ́ ohùn kan láti ìsàlẹ̀ mi, ohùn ọkùnrin, ó ti ha: “Bàbá Tèmídire, èmi àpò ìtọ̀ yín ni. Ẹ ti ti òkè pa mọ́ mi, ìsàlẹ̀ nìkan ló kù. Ṣé kí n máa bọ̀?”

Mo ní kó má bọ̀ o.

Àpò ìtọ̀ Látóún tẹ́tí sí i, ó ní, “Ẹ gbọ́? Ohun tí mò ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá ń fún ikùn lókè, èmi tí mo wà nísàlẹ̀ lẹ̀ ń tì.”

Nọ́ọ̀sì Ewúrẹ́ kò jẹ́ kí ọ̀já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó bi mí pé ta ló ni àpò ìtọ̀ tó ń ké yìí. Mo ní tèmi ni, kí wọ́n tú mi sílẹ̀. Ó ní ta ló wá ni ìkejì. Ẹ mọ̀ mí, n kì í yára. Ọ̀já fún sí i. Ilé ń ṣí lọ lórí ọjà, ó kọjá lórí ilé ìwé tí mo fi sílẹ̀ ní kíláàsì kẹrin, olùkọ́ tó nà mí nígbà náà ń juwọ́ sí mi láti ilẹ̀, n kò juwọ́ padà. Nígbà tí ọ̀ràn dójú ẹ̀, mo ní, “Látóún ló ni ín.”

Bẹ́ńṣì ní òun kò gbọ́.

“Mo ní Látóún ló ni ín. Ẹ bi Látóún.”

Gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, Látóún sì dúró nísàlẹ̀, ó tẹ́wọ́ bí ẹni tó fẹ́ gba máńgòrò. Inú gbogbo wa dùn. Bẹ́ńṣì ń kọrin. Látóún la ẹnu láti sọ èyí tó mú, ṣùgbọ́n ohùn tó jáde ni “mẹ̀ẹ̀ẹ̀.” Mo bá lajú.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ọ̀já ìyá mi ti wé mọ́ mi níkùn bí mo ṣe ń yí kiri lójú oorun, ó fún mi débi pé n kò lè mí kanlẹ̀. Etí rẹ̀ gba ẹnu ọ̀nà jáde, ewúrẹ́ aládùúgbò wa ló wà nídìí rẹ̀, ó ń jẹ ẹ́, ó ń fà á. Látóún jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó gbé Mosún dání, ó pa itan pọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Kí ló ń ṣe yín, Bàbá Tèmídire?”

“Ìtọ̀.”

“Ẹ dúró ná,” ó ní. “A kò tíì dì í tó ni.”

Bí mo ṣe tú ara mi sílẹ̀, n kò mọ̀. Mo ṣáà mọ̀ pé mo fo ewúrẹ́ yẹn kọjá. Nígbà tí mo padà dé, Látóún ṣì ń rẹ́rìn-ín, ó ní ó ti jò sí òun lára. Mo ní kí ó jẹ́ kó jò. Mo jókòó tì í, mo bi í ní ohun tí n kò tíì bi í láti ọjọ́ tó ti ti ilé ìwòsàn dé, pé èwo ló fẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó ti rò ó tán tipẹ́. Ó ní, “Rọ́bà ni mo fẹ́, kí n lè rẹ́rìn-ín láìkọ́kọ́ wá ibi jókòó. Fífún un àti títú u, mo ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀. Iṣẹ́ abẹ, ó di ìgbà tí a bá bímọ tán, bí ó bá ṣì ń yọ mí lẹ́nu.”

Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé n ó gbà. Ó ní òun gbọ́ bí mo ṣe ń pariwo lójú oorun pé Látóún ló ni ín. “N kò mọ ohun tí ẹ ń fún mi,” ó ní, “ṣùgbọ́n mo ti gbà á.”

Wọ́n ti sọ fún un nílé ìwòsàn pé kí ó dín ẹrù gbígbé kù. Nítorí náà èmi ni mo fi ọ̀já ìyá mi, tòun ti etí rẹ̀ tí ewúrẹ́ jẹ, pọn Mosún lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí. Gbogbo àdúgbò ló rí mi. Ẹni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀, mo mọ̀ ọ́n. Nọ́ọ̀sì Omísadé yọjú sẹ́nu ọ̀nà, kò ní ìwo rárá. Ó ní, “Bàbá, ẹ wọlé wá jókòó, bẹ́ńṣì wà.” Mo wo bẹ́ńṣì náà, mo rántí ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi. Mo ní mo dúpẹ́, ìta tó mi.

Látóún wọlé lọ fúnra rẹ̀. Mo dúró lọ́dọ̀ àwọn ewúrẹ́, Mosún ń sùn lẹ́yìn mi, mo ń gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀ láti inú ilé. Ewúrẹ́ dúdú kan wà láàrin wọn tó ń wò mí lójú. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀, mà.”

Kò dáhùn. Mo ti fi ìyẹn náà sọ́kàn.