Bí Tinkara Ṣe Sọ̀ Kalẹ̀ ní Pokljuka

Kìlómítà márùn-ún ló kù nígbà tí Hana Žemva já ara rẹ̀ gbà kúrò láàárín àwọn yòókù, tí Tinkara Odar sì gbá tẹ̀ lé e. Síkì, pátákó gígùn méjì tó so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ń yọ̀ ṣọ̀ọ̀ lórí yìnyín, àyà rẹ̀ ń ta bí iná. Ó ti sáré kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láàárín igbó igi páìnì ní Pokljuka láti àárọ̀. Nínú ogójì obìnrin tí wọ́n jọ gbéra, àwọn méjì péré ló kù níwájú. Ẹni tó bá gba ipò kìíní ni yóò bá ẹgbẹ́ Slovenia lọ sí ìdíje àgbáyé. Àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni Hana. Tinkara ti pé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

"Ṣé ẹ ṣì wà lẹ́yìn, Àǹtí?" Hana bi í láìbojú wẹ̀yìn. "Ẹ rọra o, kí egungun ìdí má lọ yẹ̀."

"Máa lọ, jàre. Mi ò ní kó o dúró dè mí."

Slavka, ìyá Tinkara, ló fi ìda pa abẹ́ síkì rẹ̀ láàárọ̀, nítorí Tinkara kò ní ẹgbẹ́ tí yóò bá a ṣe é. Ẹgbẹ́ ti yọ ọ́ láti ọdún méje sẹ́yìn. Ciril Arh, kóòṣì wọn, ló sì yọ ọ́, àbúrò Slavka gan-an, ẹni tó kọ́ Tinkara ní síkì láti ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ̀ṣẹ̀ Tinkara kò ju kẹ̀kẹ́ lọ. Bí yìnyín bá ti yọ́ tán, kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn nínú ìdíje orí òkè títí ìgbà òtútù yóò fi dé. Lọ́dún kan ó ṣubú, egungun èjìká rẹ̀ kán, kò sì lè sáré lórí yìnyín lọ́dún náà. Ciril pè é.

"Kẹ̀kẹ́ tàbí síkì. Mú ọ̀kan."

"Méjèèjì ni mo fẹ́, Bọ̀ọ̀dá."

"Á jẹ́ pé mi ò ní àyè fún ẹ nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ni Ciril kò ti wọ ilé Slavka mọ́, bẹ́ẹ̀ odò kékeré kan ló wà láàárín ilé àwọn méjèèjì.

"Òjò àná ti dì," ni Slavka sọ láàárọ̀, bó ṣe ń nu ọwọ́. "Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìkẹyìn yẹn ń dán bíi dígí."

"Ṣé kí n rọra ni, Màmá?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo kàn ní kó o mọ̀ ni."

Lórí òkè tó gbẹ̀yìn, Hana fi kún eré. Àlàfo mítà mẹ́wàá di ogún. Itan Tinkara le gbagidi. Ciril dúró ní téńté òkè, aago lọ́wọ́, ó ń pariwo sí Hana pé, "Máa lọ! Ó ti rẹ ìyẹn!" Kò tilẹ̀ wo ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà tí ìyẹn kọjá.

Lẹ́yìn náà, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀. Hana tẹ orí síkì rẹ̀ méjèèjì sínú kí eré lè dín kù, bí gbogbo wọn ti ń ṣe láti àárọ̀. Tinkara kò dín in. Kò wo ibi tó ń dán. Ibi tó fẹ́ gbà ló tẹjú mọ́: etí ọ̀nà lábẹ́ igi, níbi tí yìnyín ṣì ti rí gbágungbàgun, tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Orí kẹ̀kẹ́ ló ti mọ̀ pé ẹni tó bá tẹ bíréèkì láàárín kọ́nà ló ń fojú gbolẹ̀. Ó tẹ orúnkún, ó há ọ̀pá méjì tó fi ń ti ara rẹ̀ síwájú mọ́ abẹ́ apá, ó sì fi ara sílẹ̀ fún òkè.

Ó gba ẹ̀gbẹ́ Hana kọjá fìrì. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbéra nílẹ̀. Ó wà lórí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, kò mí, títí tí síkì náà fi padà balẹ̀. Nígbà tó fi dé ìsàlẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀, àfi ọ̀nà funfun gbalaja àti ariwo àwọn èèyàn. Ó fi ọ̀pá gún ilẹ̀ títí apá rẹ̀ fi kú tipiri. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ló fi ṣáájú.

Slavka dì mọ́ ọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ó ń gbá a lẹ́yìn bí ẹni ń gbọn eruku. Hana náà dé, ó nà gbalaja sórí yìnyín.

"Àǹtí, mo rò pé ẹ ti kú."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀."

Ciril wá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, fìlà lọ́wọ́. Tinkara nàró ṣánṣán. Ọdún méje ló ti fi to ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún un lọ́jọ́ kan bí òní, kò sì gbàgbé ẹyọ kan.

"O ò dín eré kù rárá," ni Ciril wí.

"Rárá."

"Bó o ṣe ṣe ní Idrija náà nìyẹn. Ní kọ́nà ẹ̀yìn afárá, lọ́jọ́ tí ẹrẹ̀ bò yín lójú. Mo ní o máa ṣubú. O ò ṣubú."

Eré kẹ̀kẹ́ ni ti Idrija, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Kò sí ìjókòó lẹ́yìn afárá yẹn, kò sí àtíbàbà. Ẹni tí yóò bá dúró níbẹ̀ ní láti fi ẹsẹ̀ gun òkè fún wákàtí kan, kí ó sì farapamọ́ sáàárín igi. Ó wá àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò rí èyí tó bá ọkùnrin yìí mu mọ́.

"Òjò á ti pa yín gan-an lọ́jọ́ náà, Bọ̀ọ̀dá."

"Ó pa mí." Ciril ń yí fìlà náà po lọ́wọ́. "Ṣùgbọ́n o ò tíì sáré tán nígbà yẹn, báwo ni mo ṣe máa lọ?"