Ilé Tí Vina Yàn Lórí Omi

Vina kúnlẹ̀ sórí pátákó ilẹ̀ ọkọ̀ onígbòkun náà, ó ti apá rẹ̀ ọ̀tún bọ inú ihò tó wà láàárín yàrá títí dé èjìká. Ìka rẹ̀ kan nǹkan tútù.

"Omi wà níbí," ló wí.

"Omi òjò ni, Màmá," Solange dáhùn láti orí àkàsọ̀. Òun ni ẹni tó ń bá àwọn tó ni ọkọ̀ wá oníbàárà ní èbúté Tyrrel Bay. "Ẹni tó ni ín sọ fún mi pé ara òpó ìgbòkun ni òjò ń gbà wọlé."

"Ọkọ̀ wo ni kì í mu omi díẹ̀?" ni Ormond, ọkọ Vina, wí. Kò tilẹ̀ wo ihò náà. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra igi ara ògiri bí ẹni ń fọwọ́ ra ẹṣin lára. "Vina, dìde kí o wo iṣẹ́! Wo bí wọ́n ṣe fi igi wọ igi. Kò sí ìṣó kan tí ojú rí."

Ọkọ̀ náà rẹwà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Òpó méjì ló ní, ara rẹ̀ funfun, ìdí rẹ̀ sì tẹ̀ kọrọdọ bí etí ife. Ó ti pẹ́ tí Ormond ti ń ti etíkun wò ó bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wo ọmọge tí kò tíì lè bá sọ̀rọ̀.

Ìjì ńlá tó gba erékùṣù Carriacou kọjá ló fa gbogbo èyí. Ó ká òrùlé ilé wọn lọ, ó sì wó ilé búrẹ́dì Vina ní ìlú Hillsborough palẹ̀. Ọmọ wọn obìnrin ní kí wọ́n wá bá òun gbé ní Brooklyn. Ormond, tó ti fi ọkọ̀ ẹrù ṣiṣẹ́ láàárín àwọn erékùṣù títí irun rẹ̀ fi funfun, ní òun ò lè gbé níbi tí ènìyàn kì í ti í mọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá yí padà. Àbá tirẹ̀ ni kí wọ́n ra ọkọ̀ onígbòkun àlòkù, kí wọ́n sọ ọ́ di ilé, kí wọ́n máa ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn. Bí ìjì bá ń bọ̀, wọn yóò kó ilé wọn sá lọ sí gúúsù.

Vina gbà, ṣùgbọ́n ó ṣe àdéhùn. "Èmi ni n ó sọ èyí tí a ó rà. Bí ọkàn mi ò bá balẹ̀ sí ìkankan, Brooklyn ni mò ń lọ o. Ìwọ àti ẹja ni ẹ ó jọ máa sùn."

Ormond rẹ́rìn-ín nígbà náà. Lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ọkọ̀ títí tí ó fi ku méjì péré, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Vina fa ọwọ́ jáde. Omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pupa díẹ̀, bí omi tí irin tó dípẹtà ti sùn nínú rẹ̀. Ó fi ìka kan ahọ́n. Ẹni tó ti ń po ìyẹ̀fun láti kékeré kò ní í ṣi iyọ̀ mọ̀.

"Ó níyọ̀," ló wí. "Àbí òjò Carriacou ti ń níyọ̀ ni, Solange?"

Solange sọ̀kalẹ̀, ó tọ́ ọ wò, ojú sì tì í. "Ẹ má bínú, Màmá. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo sọ fún yín. Omi òkun ni. Bó ṣe pupa yìí, ó jọ pé ẹ̀gbẹ́ àwọn bóòtù ìsàlẹ̀ ló ń gbà wọlé."

Lábẹ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, irin wíwúwo kan wà tó rọ̀ sínú omi. Òun ló ń gbé ọkọ̀ padà sókè nígbà tí afẹ́fẹ́ bá tì í dà sí ẹ̀gbẹ́. Bóòtù, ìyẹn ìṣó irin ńlá, ló so irin náà mọ́ ọkọ̀. Ọjọ́ tí ìpẹtà bá jẹ bóòtù já, irin a lọ sísàlẹ̀ òkun, ọkọ̀ a sì dojú dé.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Ormond wí. "Tó bá pẹ́ díẹ̀ lómi, yóò wú, yóò sì dí fúnra rẹ̀."

Ní abúlé Windward, níbi tí bàbá Ormond ti ń kan ọkọ̀, ọkọ̀ onígi tuntun a máa jò bí agbọ̀n lọ́jọ́ tí wọ́n bá tì í sínú òkun. Pátákó rẹ̀ a mu omi, a wú, a fún mọ́ra, jíjò náà a sì dáwọ́ dúró. Kí ọmọ ibẹ̀ tó mọ A B D ló ti mọ èyí.

"Kápúténì," Solange rọra wí, "kí ló máa wú níbẹ̀? Inú yàrá nìkan ni igi. Fáíbà ni ara rẹ̀."

Ormond wo ara ọkọ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá mi ló gba ẹnu mi sọ̀rọ̀ yẹn."

"Kí Bàbá padà lọ sùn o," ni Vina wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ wo èkejì."

Nínú ọkọ̀ rọ́bà tó ń gbé wọn lọ, Ormond ń bojú wẹ̀yìn ṣáá. "A lè tún un ṣe, Vina."

"Àwa àti ta ni?"

"Èmi nìkan tó o."

"Pẹ̀lú orúnkún wo? Èyí tó ń ké bí ilẹ̀kùn yẹn?"

Marguerite ni orúkọ èkejì. Ó kúrú, ó fẹ̀ láàárín, òpó kan ló ní, ọ̀dà aláwọ̀ ewé ara rẹ̀ sì ti ṣá bí ewé ìbẹ́pẹ tó já bọ́.

"Ọpọ́n ìwẹ̀ rèé," ni Ormond wí.

Solange kò dá a lóhùn. Ó mú òòlù kékeré kan, ó fi ìdí rẹ̀ kan òrùlé ọkọ̀, *kó, kó, kó*, ó sì nà án sí Vina. "Ẹ máa kàn án káàkiri. Ibi tí ohùn bá ti kú, omi ti jẹ inú ibẹ̀."

Ojú Vina mọ́lẹ̀. "Bí a ṣe ń kan ìdí búrẹ́dì láti mọ̀ bóyá ó ti jinná nìyí!"

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Ṣùgbọ́n ti búrẹ́dì, ohùn òfìfo là ń wá."

Ó rákò kiri, ó ń kàn, ó ń tẹ́tí. Ibì kan péré nítòsí iwájú ló dáhùn *pọ̀*, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó padà kan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé ó dùn mọ́ ọn kí nǹkan tí kò lẹ́nu máa sọ òótọ́ fún un.

Wọ́n ta ìgbòkun. Okùn ń kọjá lọ́wọ́ Ormond láìjẹ́ pé ó ń wò ó. Solange fa Vina jókòó sẹ́yìn, ó fi igi ìtọ́kọ̀ lé e lọ́wọ́.

"Èmi kẹ̀? Èmi ò tọ́ ọkọ̀ rí."

"Ọmọ Carriacou!" ni Ormond pariwo. "Má jẹ̀ẹ́ kí àlejò gbọ́ o!"

"Ta ló ń yan búrẹ́dì tí o jẹ tí o fi lágbára láti tọ́ ọ?" Vina dá a lóhùn.

"Ẹ̀yin méjì lẹ fẹ́ máa gbé inú rẹ̀," Solange wí. "Ọkọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo lè tọ́ nínú ẹni méjì, ìdajì ọkọ̀ ni."

Nígbà tí wọ́n yọ lẹ́yìn òkè tó bo èbúté, afẹ́fẹ́ bọ́ lù wọ́n. Ọkọ̀ dà sí òsì, omi ń sáré kọjá nítòsí ìgbáròkó Vina.

"Ó ń dojú dé! Ormond!"

"Kò ní dojú dé. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń tì í tó, bẹ́ẹ̀ ni irin ìsàlẹ̀ á ṣe máa fà á tó. Ní sùúrù fún un."

Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ dà, ó dà, ó wá dúró bí ẹni tó ti rí èjìká fara tì. Igi ìtọ́kọ̀ ń fa Vina lọ́wọ́. Solange dẹ okùn ìgbòkun ẹ̀yìn díẹ̀, ó wo òkè, ó tún dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Igi náà kò fà mọ́.

"Ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀, Màmá."

"Ṣé orí rẹ pé báyìí?"

"Ẹ ṣáà tú u."

Vina tú ìka sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó gbé ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn kalẹ̀. Marguerite ń lọ. Ìgbòkun iwájú ń ti imú rẹ̀ kúrò lójú afẹ́fẹ́, ti ẹ̀yìn ń dá a padà sójú afẹ́fẹ́. Agbára méjèèjì dọ́gba, kò sí èyí tó borí èkejì. Àwọn òkè Union Island, erékùṣù tó wà níwájú, dúró gangan lókè imú ọkọ̀, wọn ò yẹ̀ sọ́tùn-ún, wọn ò yẹ̀ sósì. Ìgbì ńlá kan gbé ọkọ̀ sókè, ó yí imú rẹ̀ díẹ̀. Ọkọ̀ rò ó wò, ó sì fúnra rẹ̀ padà sọ́nà.

Vina kó ọwọ́ méjèèjì lé itan.

"Ta ló ń tọ́ ọ?" ló béèrè jẹ́jẹ́.

Ormond, tó ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lórí omi, ṣí fìlà. Ó ń wo igi ìtọ́kọ̀ tí kò sẹ́ni tó dì í mú, ó sì ń wo ojú ìyàwó rẹ̀. Kò dárúkọ ọpọ́n ìwẹ̀ mọ́.

Nígbà tó ṣe, Vina sọ̀kalẹ̀ sí ibi ìdáná. Sítóòfù ibẹ̀ rọ̀ sórí irin méjì, ìkòkò tíì kòkó tí Solange gbé kaná sì ń hó lórí rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó rò pé sítóòfù ló dà sí ẹ̀gbẹ́. Ó wò ó dáadáa. Ògiri ló dà, ilẹ̀ ló dà, òun alára ló dà. Sítóòfù nìkan, tó ń fì lórí irin méjì rẹ̀, ló dúró gbọnrangandan. Ó gbé ife kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ó da tíì sínú rẹ̀ títí dé etí. Ọkọ̀ fò, ó rì, ó mì. Ẹ̀kán kan kò dànù.

"Olúwa mi o," ni Vina wí.

Ó ṣí ààrò tó wà lábẹ́ sítóòfù, ó ń fi ìka wọn inú rẹ̀.

Ormond bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń dúró de dókítà. "Vina. Mo ti gbàgbé olópòó méjì yẹn. Kí ni ìwọ wí?"

"Ààrò yìí kéré. Búrẹ́dì méjì ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan."

Ojú ọkùnrin náà wálẹ̀. "Ó kéré lóòótọ́. Ẹni tó ti ń yan fún gbogbo ìlú."

"Àwa mélòó ni?"

Vina ti ilẹ̀kùn ààrò, ó fi ìkọ́ rẹ̀ há a.

"Kúrò lẹ́nu ọ̀nà kí ìmọ́lẹ̀ wọlé," ló wí. "Mo fẹ́ rí ibi tí n ó máa kó ìyẹ̀fun sí."