Wáyà Kẹ́tùlù

Ó fa wáyà náà yọ kúrò nídìí kẹ́tùlù, ó ká a roboto, ó sì tì í bọ inú bùútù ọlọ́dẹ kan tí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe títí ó fi kan ibi ìka ẹsẹ̀. Ó ki ìwé ìròyìn àtijọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, bí àwọn aránbàtà ti máa ń ṣe kí bàtà má baà wó, ó wá gbé e padà sórí pẹpẹ. Ó nu ọwọ́. Ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní balùwẹ̀, ó ń kọrin.

Orin yẹn gan-an ló ń dun obìnrin náà. Láti ọjọ́ tí àkàbà ti yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí, tó já bọ́ níbi tó ti ń mú awọ lórí pẹpẹ, tí eegun ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì dá, kò kọrin mọ́. Wọ́n fi sìmẹ́ǹtì funfun dè é, kò kọrin. Wọ́n tú u, ọwọ́ jáde bí ẹ̀ka igi tó gbẹ, kò kọrin. Ìgbà tí ilé ìwòsàn fà á lé obìnrin kan lọ́wọ́ pé kó máa kọ́ ọwọ́ náà bí yóò ṣe tún di nǹkan mú, ìgbà yẹn ni orin dé.

"Olùkọ́ mi" ló ń pe obìnrin ilé ìwòsàn yẹn. Olùkọ́ mi ní kí omi má ta ni lára, kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́. Olùkọ́ mi ní ọwọ́ tútù kò gbọdọ̀ fún irin tí wọ́n fi ń kọ́ ọwọ́ lágbára. Olùkọ́ mi ní bí mo bá tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, n óò padà sídìí iṣẹ́; bí mo bá kánjú, iṣan á tún já, ó sì lè má san mọ́. Òkèlè kan ò lè gba ọ̀nà ọ̀fun kọjá kí olùkọ́ má bá a rìn. Ìyàwó tí kò ní orogún nílé, òun ló ń bá orogún jẹun lórí tábìlì kan náà láì tíì rí ojú ẹ̀ rí.

Ọlọ́dẹ tó ni bùútù ló wá da epo sí iná náà. Lánàá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo bí obìnrin náà ti ń fa okùn tí a fi ìda pa nínú àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà.

"Ìyàwó aránbàtà," ó ní, "ọwọ́ tí obìnrin ń bá èèyàn pa jẹ́jẹ́ báyìí, ṣé ó máa fẹ́ san kíákíá? Tèmi ò ní san láéláé o!"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Obìnrin náà bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú.

Nígbà tí ọkọ jáde, ó gbé kẹ́tùlù, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Wáyà ẹ̀ dà?"

"Wáyà wo?"

"Ti kẹ́tùlù."

"Bóyá eku ló gbé e. Gáàsì náà sì ti tán." Kò gbójú sókè níbi awọ tó ń rẹ sínú omi. "Ṣé àfi omi lílọ́ ni? Ẹ kúkú fún irin yín bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìkókó ni yín ni?"

Ọkọ gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó mú irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí sípíríńgì so lórí, èyí tí wọ́n fún un ní ilé ìwòsàn. Ó fún irin náà pọ̀. Ẹsẹ̀ irin náà súnmọ́ra díẹ̀, wọ́n tún yàgò fúnra wọn. Ó di eyín pọ̀, ó tún un fún. Irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ró gbàgà nílẹ̀, ọkùnrin náà sì ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó dijú.

"Kí ló dé?" Obìnrin náà sọ awọ sílẹ̀.

"Ó fà mí níṣan." Ó dìde. "Jẹ́ n lọ bá olùkọ́ mi."

"Òní kọ́ ni ọjọ́ yín."

"Mo mọ̀."

Ó sì lọ. Ẹni tó bá da omi síwájú ni wọ́n ní ó máa ń tẹ ilẹ̀ tútù. Obìnrin náà wá rèé, tó fi omi lílọ́ du ọkọ, òun náà ló tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tì í lọ bá ẹni tí kò fẹ́ kó rí. Ó mú òòlù, ó tún un gbé sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀kùn yàrá olùkọ́ ní ilé ìwòsàn ní dígí lókè. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó yọjú.

Olùkọ́ náà kò rí bó ṣe rò ó. Láti ọjọ́ yìí ló ti ń kun ún lóòṣùn lọ́kàn ara rẹ̀: èékánná gígùn, lọ́fíńdà, ẹ̀rín kẹ́ẹ́kẹ́. Èyí gé èékánná mọ́ ẹran, ó ká apá aṣọ sókè, ìka rẹ̀ ki bí ti bíríkìlà. Ó yẹ kí ìyẹn tu obìnrin náà nínú, kò tù ú. Olùkọ́ ki ìgbọ̀nwọ́ bọ omi bàsíà bí ẹni tó fẹ́ wẹ ọmọ, ó bu omi tútù díẹ̀ mọ́ ọn, ó wá gbé ọwọ́ ọkùnrin náà sínú rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kò kánjú. Nígbà tó nù ún tán, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti ọrùn ọwọ́ wá sí àtẹ́lẹwọ́, ó mú ìka kọ̀ọ̀kan láti ìdí dé orí, ó tẹ́ gbogbo wọn bí abẹ̀bẹ̀, ó ká wọn padà jẹ́jẹ́. Ọwọ́ tó gbẹ kúrò nílé ń rọ̀ lójú ẹni bí awọ tó mu omi.

Bí awọ tó mu omi. Obìnrin náà mọ iṣẹ́ yẹn. Kò sí aránbàtà tí í fa awọ gbígbẹ mọ́ igi tí a gbẹ́ bí ẹsẹ̀, nítorí yóò ya. A ó rẹ ẹ́, a ó fi ọwọ́ ra á, kí ẹ̀mú tó kàn án. Òun náà ló rẹ awọ sílẹ̀ láàárọ̀ yìí, pẹ̀lú ọwọ́ kan náà tó fi yọ wáyà. Ohun tí kò jẹ́ dán wò lára awọ màlúù ló fi ṣe ọkọ rẹ̀.

Ojú tì í. Síbẹ̀ owú náà kò lọ.

Olùkọ́ gbójú sókè. "Ẹ wọlé, Màmá. Ìyàwó wọn ni, àbí? Wọ́n ti ròyìn yín títí, etí mi kún."

"Ìròyìn kí ni?"

"Pé ẹ mọ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rán ju àwọn fúnra wọn lọ."

Ọkọ bojú wo bàsíà bí ẹni pé nǹkan wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé rí.

"Ẹ dúpẹ́ pé iṣan wọn kò já," ni olùkọ́ wí. "Ẹ jókòó, ẹ̀yin ni màá kọ́, kẹ́ ẹ lè máa bá wọn ṣe é. Wọ́n ní kẹ́tùlù ò ṣiṣẹ́."

"Kò... kò ṣiṣẹ́."

"Ẹ wá fún irin yìí, kẹ́ ẹ mọ bó ṣe le tó. Rárá, ẹ kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ omi ná. Mi ò kì í jẹ́ kí ọwọ́ tútù fún un, ti ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́."

Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó sì fà á yọ wéré.

"Omi náà ò gbóná, Màmá."

"Ó ta mí."

Olùkọ́ mú ọwọ́ náà, ó ṣí i sókè. Okùn onída ti la gbogbo oríkèé ìka, ojú ọgbẹ́ tuntun wà lórí ti àtijọ́, ìdí àtàǹpàkò sì wú. Ó wo ọwọ́ kejì. Bákan náà ni.

"Ta ló ń ran bàtà láti ìgbà tí Bàbá ti ṣubú?"

Olùkọ́ rọra dá ọwọ́ náà padà sínú omi, ó sì ṣe fún un gẹ́gẹ́ bó ti ṣe fún ọkọ rẹ̀, ìka kan lẹ́yìn ìkejì. Obìnrin náà wo ògiri. Nígbà tí wọ́n wá gbé irin fún un, ó fi gbogbo agbára fún un, ẹsẹ̀ irin kò súnmọ́ra rárá.

"O ò sọ fún mi," ni ọkọ wí.

"Ẹ ò bèèrè."

Bí wọ́n ti wọ ṣọ́ọ̀bù, obìnrin náà gbé bùútù ọlọ́dẹ sọ̀kalẹ̀, ó fa ìwé ìròyìn jáde, ó sì dojú bùútù dé. Wáyà bọ́ sórí tábìlì. Ó dúró ti ohun tó bá máa dé.

Ọkọ fi ìka kan yí wáyà náà.

"Eku yìí mà lọ́wọ́ o," ó ní. "Ó ká a bí aránbàtà."

Ó fi ọwọ́ òsì bọ wáyà sídìí kẹ́tùlù, ó sì tan án títí omi fi gbóná. Ó da omi sí bàsíà, ó bu tútù mọ́ ọn, ó fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò, ó tún bu díẹ̀ sí i.

"Mú ọwọ́ wá."

"Tiyín ló yẹ ká kọ́kọ́—"

"Mú ọwọ́ wá, jàre."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò tíì lágbára. Àtàǹpàkò ń ṣìnà, á padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ìka kejì, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n, orin balùwẹ̀ yẹn náà ni. Obìnrin náà tẹ́tí sí i. Kò dùn ún mọ́. Ó wá rí i pé kì í ṣe olùkọ́ yẹn ni òun ń jowú láti ọjọ́ yìí. Ọwọ́ ọkọ òun ni, tí ẹnì kan ń mú dání lóòrèkóòrè láì gba nǹkan kan nínú rẹ̀, tí wọ́n kàn ń bi í pé níbo ló ti ń dùn ún.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. "Ìyàwó aránbàtà o! Bùútù mi ńkọ́?"

Ọwọ́ mẹ́rin wà nínú omi. Kò sí èyí tó dìde lọ ṣílẹ̀kùn.