Alùpùpù Tó Ń Jó Ní Kọ́nà

Ẹni tó bá dúró sẹ́bàá ọ̀nà òkè láàárọ̀ Sátidé nígbà náà á rí ohun apanilẹ́rìn-ín. Bọ́ọ̀sì á máa gun òkè lọ jẹ́jẹ́, alùpùpù pupa kan á sì máa tẹ̀ lé e bí ọmọ ewúrẹ́ tó ń tọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Ìyàwó wà nínú bọ́ọ̀sì, ọkọ wà lórí alùpùpù. Ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, ilé kan náà ni wọ́n ń lọ, ìyẹn ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó tó wà ní òdì kejì òkè.

Wọn ò bára wọn jà o. Télọ̀ ni ìyàwó, wẹ́dà ni ọkọ, ìfẹ́ wọn sì dùn débi pé àwọn ará àdúgbò a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Alùpùpù ló pín wọn níyà.

Ọ̀nà òkè yẹn kún fún kọ́nà, èyí tó le jù nínú wọn ni wọ́n sì ń pè ní Ìgbọ̀nwọ́. Ọjọ́ kan ni wọ́n dé ibẹ̀, Wẹ́dà tẹ alùpùpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè yà, ni ẹ̀yìn rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì bí ọ̀mùtí, ó kọ̀ kò yà tán, ó sì gbé wọn lọ sórí òkúta wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Télọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀ nù.

"Ọkọ mi, mo fẹ́ràn yín," ó ní, "ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn eegun ìtan mi náà. Bọ́ọ̀sì ni n ó máa wọ̀."

Wẹ́dà pààrọ̀ táyà. Ó fún ṣéènì, ó yẹ gbogbo nọ́ọ̀tì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá dá gùn ún, kò sí wàhálà. Tí ìyàwó bá ti gorí ẹ̀yìn, tí wọ́n bá ti dé kọ́nà àkọ́kọ́, ijó tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Sátidé kan, Télọ̀ jókòó sórí àga ẹ̀yìn pátápátá nínú bọ́ọ̀sì, ó ń wo ọkọ rẹ̀ látojú fèrèsé. Wọ́n dé Ìgbọ̀nwọ́. Wẹ́dà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yà á, ó jáde lódì kejì láìmì rárá, àní ó ń kọrin lọ ni. Ọ̀rọ̀ náà gún Télọ̀ láyà. Ó wo ara rẹ̀ látòkè délẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ra wọn, tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ló rí. Ọdún ti gorí ọdún, ìgbádùn ilé ọkọ sì ti hàn lára. Ojú kọ́kọ́ tì í. Nígbà tó yá, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu títí ẹni tó jókòó tì í fi sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe padà délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó tọ ọkọ lọ nínú àgbàlá.

"Ọkọ mi, èmi ni mo wúwo."

Wẹ́dà gbójú sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ẹran. "Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ o!"

"Ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀!"

"Mo fura. Ṣùgbọ́n ta ló máa fẹnu ẹ̀ sọ ọ́? Èmi tí mo ṣì fẹ́ máa jẹun nílé yìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Wẹ́dà fi jókòó sílẹ̀.

"Ó dáa," ni Télọ̀ wí. "Tí aṣọ bá fún oníbàárà, ṣé oníbàárà la máa gé? Aṣọ la máa tú. Ibo ni wọ́n ti ń tú ti alùpùpù?"

Wẹ́dà nawọ́ sí ṣọ́ọ̀kù méjèèjì tó gbé ẹ̀yìn alùpùpù dúró, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Sípíríǹgì wé mọ́ wọn lára. Lábẹ́ sípíríǹgì ni òrùka irin kan wà tó ní ìpele bí àtẹ̀gùn: bí wọ́n bá ṣe yí i sókè tó, bẹ́ẹ̀ ni sípíríǹgì á ṣe le tó. Ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti wà látìgbà àpọ́n Wẹ́dà. Tí èèyàn méjì bá gùn ún, ìdí alùpùpù á jókòó, orí rẹ̀ á gbé sókè, táyà iwájú ò ní tẹ ilẹ̀ dáadáa. Kò ṣe ní jó?

Télọ̀ yọ tépù ọrùn rẹ̀. Wọ́n pe aládùúgbò wọn, obìnrin káfíńtà kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju ayùn rẹ̀ lọ, kó wá bá wọn wọ̀n ọ́n, láti ìdí táyà dé etí àga. Nígbà tí Wẹ́dà dá jókòó, ó lọ sílẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì jókòó, Káfíńtà pariwo.

"Háà! Díẹ̀ ló kù kẹ́ ẹ kan ìpìlẹ̀!"

Òrùka tòsì gbà, tọ̀tún ti dípẹtà. Wẹ́dà di sípánà mú, ó fà á, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ.

"Ẹ rọra," ìyàwó rẹ̀ ní. "Òwú tó ta kókó, sùúrù la fi ń tú u."

Wọ́n da epo sí i, wọ́n mu omi tútù dúró dè é, Káfíńtà fi òòlù onígi rẹ̀ gbá a wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó gbà.

Ìwọra mú kí wọ́n gbé e dé òkè pátápátá. Bí wọ́n ṣe gùn ún dé ẹ̀yìn ilé, àga ń ta wọ́n sókè, tí wọ́n bá sì ń yà, táyà ẹ̀yìn á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́.

"Ṣé ẹ̀ ń gbé mi lọ ni àbí ẹ̀ ń gún mi?" ni Télọ̀ ń pariwo.

Wọ́n padà, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìpele kan. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yẹ ọ̀tún àti òsì wò kí wọ́n lè bára mu, nítorí apá aṣọ kan kì í gùn ju èkejì lọ. Wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Káfíńtà ní ó ti tó.

Nígbà tí Sátidé pé, Télọ̀ gorí ẹ̀yìn alùpùpù. Wọ́n dé Ìgbọ̀nwọ́, ó di ọkọ mú níbàdí, ó pa ojú dé, ó ń gbàdúrà. Alùpùpù tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ń retí kó mì. Kò mì. Ó rọra yà bí ẹni tó yí ẹ̀gbẹ́ padà lójú oorun, ó sì dìde nàró. Télọ̀ la ojú: àfonífojì tẹ́ lọ rẹrẹ nísàlẹ̀, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lójú. Ó kígbe.

Àyà Wẹ́dà já. "Kí ló dé?"

"Ẹ padà!"

"Kí lo gbàgbé?"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Ẹ jẹ́ ká tún un yà!"

Wọ́n padà, wọ́n tún un yà. Wọ́n sọ̀, wọ́n gùn, wọ́n tún sọ̀. Bọ́ọ̀sì kọjá lára wọn, awakọ̀ yọrí síta.

"Ìyá Télọ̀, ẹ ò wọkọ̀ wa mọ́ ni?"

"Ẹ máa lọ!" ni Télọ̀ fi dá a lóhùn. "Ẹ bá wa kí ẹ̀gbọ́n mi!"

Nígbà tí wọ́n yọ sí ẹ̀gbọ́n lẹ́nu ọ̀nà, eruku ti bo ojú wọn, irun Télọ̀ dúró ṣánṣán.

"Bọ́ọ̀sì ti dé tipẹ́," ẹ̀gbọ́n ní. "Ibo lẹ wà?"

Télọ̀ fẹ́ dáhùn, ẹ̀rín ò jẹ́. Ó wo ọkọ rẹ̀, ìyẹn ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó mi orí, ó ní oúnjẹ ti tutù. Wọ́n jẹ ẹ́ ní tútù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì bu sí i.