Àdúrà Níwájú Kámẹ́rà

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, mo kí yín, mo kí ará ilé yín. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí wa lónìí, tí kò jẹ́ kí ìbẹ̀rù pa wá. Ẹ fetí sí ohun tó dé bá Modúpẹ́olúwa Lánípẹ̀kun.

Opó ni. Fáìlì àwọn aláìsàn ló ń tọ́jú ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Mákùn, iṣẹ́ yìí ló sì fi ń tọ́ Ayọ̀adé, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Àfi bí àwọn ọ̀gá ṣe ní inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo fáìlì máa wà báyìí, pé ẹni tí kò bá kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó sì yege kí oṣù tó parí, kó máa lọ sílé rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ náà dẹ́rù bà á. Bó bá tẹ ibì kan, gbogbo ohun tó ń kà yóò pòórá, kò ní mọ ibi tó gbà wọlé mọ́. Ọjọ́ Ẹtì tó kẹ́yìn oṣù ló tó lè jókòó ṣe ìdánwò. Ọmọ ìjọ Adífẹ́ńtì sì ni: bí oòrùn bá ti wọ̀, Ìsinmi ti dé, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́.

Kámẹ́rà orí kọ̀ǹpútà ń ṣọ́ ọ kó má baà jí ìwé wò. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ kọ́ ọ láti kékeré: ó tẹrí ba, ó di ojú, ètè rẹ̀ ń mì.

Nígbà tó ṣe àmín tó lajú, ojú kọ̀ǹpútà ti pupa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, wọ́n ti ti ìdánwò rẹ̀ pa.

Ó tẹ ìhín, ó tẹ ọ̀hún, kò ṣí.

Sàrátù, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrun Jímọ̀ dé, yọjú.

"Ìyá Ayọ̀adé, kí ló dé tí ẹ ń gbọ̀n bí adìyẹ tí òjò pa?"

"Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní mò ń bá èèyàn sọ̀rọ̀."

"Ta lẹ wá ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ọlọ́run ni."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Sàrátù, ṣùgbọ́n ó rí ojú rẹ̀, ó gbé e mì. "Ẹ pe olùkọ́ yín. Oòrùn ò ní dúró dè yín."

Wọ́n pe Tawfiq, olùkọ́ tó ń kọ́ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, títí, kò gbé e. Oòrùn ti ń yẹ̀ sẹ́yìn òrùlé kó tó dáhùn.

"Ẹ má bínú, Màmá, ojú ọ̀nà ni mo wà. Mo ti rí i lórí fóònù mi pé wọ́n ti ìdánwò yín pa. Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Modúpẹ́olúwa bẹ̀rù pé yóò pe òun ní onírọ́. "Àdúrà ni mò ń gbà, ọmọ mi."

Tawfiq dá a lóhùn: "Bí màmá tèmi náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Màá ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹ má dijú mọ́ o. Bó bá tún tì, agbára mi ò ká a."

Modúpẹ́olúwa ranjú mọ́ kámẹ́rà, ó ń ké pe Olúwa nínú lọ́hùn-ún. Oòrùn ti pọ́n lára ògiri nígbà tó dáhùn ìbéèrè ìkẹyìn, tó fi í ránṣẹ́. Ó yára kó ọwọ́ kúrò, ó kọjú sí ògiri, kò lè wò ó.

"Ó ti gbé èsì wá," ni Sàrátù wí. "Ṣé kí n kà á?"

"Rọra kà á."

"Díẹ̀ ló kù kí ẹ ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹ yege."

Modúpẹ́olúwa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin tó ń kà á, ohun tó ń já yín láyà kò ní borí yín. Ọlọ́run yóò fi aláàánú sí ọ̀nà yín, oúnjẹ kò sì ní wọ́n nílé yín. Àmín.