Ó Ku Ọjọ́ Mẹ́ta

Kàlẹ́ńdà tó wà lára fíríìjì ni Mọ̀nsúrát dojú kọ láti àárọ̀. Ó ti kà á, ó tún un kà. Ó fi ìka lé ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún, ọjọ́ tí Múrítàlá ọkọ rẹ̀ kú. Ó ka oṣù mẹ́rin, ó fi ọjọ́ mẹ́wàá lé e, ibi kan náà ni ìka rẹ̀ tún balẹ̀ sí: ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù yẹn ni ọkọ̀ òfurufú tó fẹ́ gbé e lọ sí Gíríìsì á gbéra. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló dínà mọ́ obìnrin yìí, kò sì sí ẹni tó lè bá a sún wọn.

Òfin opó kò ṣàjèjì. Obìnrin Mùsùlùmí tí ọkọ rẹ̀ bá kú yóò ṣe opó fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ó lè lọ rí dókítà, ó lè sọ̀kalẹ̀ lọ ra búrẹ́dì, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa sùn, kò sì gbọdọ̀ rìnrìn àjò. Mọ̀nsúrát kò bá òfin jà. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀, ó sì fẹ́ ṣe opó rẹ̀ pé. Ojú ara rẹ̀ ló ń bá jà. Àrùn kan ń jẹ ojú náà láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Ọ̀tún ti fọ́ pátápátá. Òsì ṣì ń ríran, ṣùgbọ́n kò ju bí ìgbà tí ènìyàn bá ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́ lọ. Dókítà ti sọ fún un ní oṣù keje pé kí yìnyín tó yọ́ tán lọ́dún tó ń bọ̀, èyí tó kù náà lè ti lọ. Àwọn tó ń ṣètò ìrìn àjò náà kì í sì lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Tí kò bá lọ báyìí, kò tún ní fojú rí ibẹ̀ mọ́ láyé.

Múrítàlá ló kó o sí ọ̀rọ̀ Gíríìsì yìí. Tíṣà ìtàn ni n'Ìbàdàn, kí ìjọba ológun tó lé e nílùú nítorí ẹnu tí kò lè pa dé. Ní Toronto, páálí ló ń gbé ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Milton títí irun rẹ̀ fi funfun, ṣùgbọ́n ẹnu yẹn kò sinmi. Àwòrán kan wà tó gé nínú ìwé, tó lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀: àwọn kìnnìún òkúta tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n la ẹnu sí afẹ́fẹ́, ní erékùṣù kan tó ń jẹ́ Délọ̀sì nílẹ̀ Gíríìsì.

"Láyé àtijọ́, òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni kú síbẹ̀," ni Múrítàlá máa ń wí. "Tí àìsàn ẹ bá ti le, wọ́n á gbé ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di erékùṣù kejì. Ọ̀hún ni wàá ti ráyè kú."

"Kí ló wá dé tí gbogbo ibẹ̀ fi di àlàpà, Bàbá Faridah?" Mọ̀nsúrát á fèsì. "Ṣé kò sí àlàpà n'Ìbàdàn tẹ́ ẹ fi ń wá ti òyìnbó kiri?"

Ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi gbọ́ ìtàn àwọn kìnnìún yẹn, ó lè kà á fún ọ lórí. Nígbà tí wọ́n sì wá forúkọ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn fún ìrìn àjò ọlọ́jọ́ mẹ́sàn-án, tó ní amọ̀nà tí yóò mú wọn kiri àlàpà Áténì, tí yóò sì kó wọn wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn erékùṣù, òun ló kọ́kọ́ ra fìlà oòrùn. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, Múrítàlá jókòó sórí àga lábẹ́ àwòrán rẹ̀, kò sì dìde mọ́. Toronto kò ní òfin tó ní kó má kú síbẹ̀.

Faridah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ló gba ìjókòó bàbá rẹ̀ nínú ìrìn àjò náà, kó lè máa di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Òun náà ló tẹ ọjọ́ opó sínú fóònù. Fóònù ní ọjọ́ kẹrìndínlógún. Kò purọ́ o. Ohun tí wọ́n bi í ló dáhùn.

"Mummy, just ask the imam," ni Faridah wí. "Maybe they'll understand. It's your eyes."

"Kí n wá ní kí ni? Pé ilẹ̀ tí wọ́n sin ọkọ mi sí ò tíì gbẹ, mo fẹ́ lọ gbafẹ́ létí òkun? O ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnì kankan."

Abéèrè kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa máa ń wí, àfi ọjọ́ tó bá kàn wá láti béèrè. Nílé, kì í ṣe opó fúnra rẹ̀ ló ń ka ọjọ́ opó. Àwọn àgbà obìnrin ló ń bá a kà á, àwọn ló sì ń wá sọ fún un pé ó ti pé. Nínú ilé gogoro yìí ní North York, lórí àjà kẹrìnlá, Mọ̀nsúrát kò rí àgbà kankan. Òun, ọmọ rẹ̀, àti kàlẹ́ńdà ara fíríìjì ni wọ́n jọ ń kà á.

Ó pe ọ́fíìsì ìrìn àjò náà, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Obìnrin tó gbé fóònù bá a kẹ́dùn dáadáa, ó ní ènìyàn méjìlélógún ló ń lọ, pé ẹnì kan kò lè dá gbogbo wọn dúró. Mọ̀nsúrát ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wá bá wọn lọ́hùn-ún lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Obìnrin náà wo ètò wọn, ó ní ọjọ́ kẹrìndínlógún gan-an ni wọ́n máa wà ní Délọ̀sì, láti ibẹ̀ wọ́n ti kọjá, ẹni tí ojú rẹ̀ rí bíi tirẹ̀ kò sì lè máa dá wọ ọkọ̀ ojú omi kiri lẹ́yìn wọn. Mọ̀nsúrát sunkún sí i létí. Láti ọjọ́ tó ti dé Canada, kò tíì sunkún sí òyìnbó létí rí. Obìnrin náà dúró dè é títí ó fi sun ún tán, ó tún bẹ̀ ẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Nígbà tó di Jímọ̀, tó ku ọ̀la, Mọ̀nsúrát tutọ́ sókè ó fojú gbà á. Ó ní òun á lọ. Ó ní Ọlọ́run tó ń gba ojú lọ́wọ́ òun mọ̀ pé òun ò ní òmíràn. Faridah ti lọ síbi iṣẹ́ ní yunifásítì, kò sí ẹni tó máa bá a jiyàn. Ó fa àpótí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó kó aṣọ sí i, ó kó oògùn ojú sí i. Ó ṣí àwòrán àwọn kìnnìún kúrò lára ògiri, ó kì í bọ àárín páásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Ó wá gbé fìlà oòrùn lé orí ìborùn, ó lọ wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ihò kékeré yẹn ló fi wo ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀: etí fìlà, imú, ẹnu. Ẹnu náà ń rẹ́rìn-ín. Ó ti ju oṣù mẹ́rin lọ tó ti rí i bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn.

Fóònù dún.

Ó gbé e sún mọ́ ojú òsì. Alhaja Mọ̀ríámọ̀ ni, ìyàwó Alfa wọn, tó ń gbé ní Milton, obìnrin tó dì í mú lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Múrítàlá jáde. Ẹ̀rù ba Mọ̀nsúrát. Ó rántí pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Faridah jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ Gíríìsì ti já bọ́ lẹ́nu òun níwájú ọmọ Alhaja. Wọ́n ti gbọ́ nìyẹn. Wọ́n ti mọ̀ pé opó Múrítàlá ń di ẹrù. Kí ló tún lè máa pè é sí?

Fóònù náà dún títí ó fi dákẹ́. Ó tún dún. Nígbà tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, àmì kan yọ lójú rẹ̀ pé Alhaja ti fi ohùn sílẹ̀. Mọ̀nsúrát kò fọwọ́ kàn án. Ojú ń tì í. Ó ṣí fìlà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ jáde nínú àpótí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Faridah dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, ó ní òun ò lọ mọ́. "I'm not going without you. What's the point?"

"Ojú mi ni wàá bá mi gbé lọ," ni Mọ̀nsúrát wí. Ó ti múra sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ náà. "Bàbá ẹ ò dé ibẹ̀. Èmi náà ò ní dé ibẹ̀. Tí ìwọ náà ò bá lọ, a jẹ́ pé lásán ló fi ọgbọ̀n ọdún pariwo létí wa. Máa lọ. Tó o bá dé ọ̀dọ̀ àwọn kìnnìún yẹn, pè mí, kó o sì fi Yorùbá sọ bí wọ́n ṣe rí fún mi. Tó o bá fi òyìnbó sọ ọ́, mi ò ní rí i dáadáa."

Faridah dì mọ́ ọn, ó sì lọ. Mọ̀nsúrát gbọ́ ìró àpótí tí ọmọ náà ń fà lọ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dé ìdí ẹ̀rọ tó ń gbéni sọ̀kalẹ̀.

Ó di Àtìní, ọ̀sán. Ilé náà dá páropáro. Mọ̀nsúrát ti rò ó títí, ó ní kí òun kúkú gbọ́ èébú Alhaja kó tán. Òun kúkú ti jókòó sílé, ta ló fẹ́ bú òun mọ́? Ó tẹ fóònù, ohùn obìnrin náà sì jáde, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

"Ìyá Faridah, Mọ̀ríámọ̀ ni o. Mo ti pè yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ò gbé e. Ẹ kú ìfaradà o. Opó yín ti parí lánàá Àlàmísì, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín. Èmi ni mò ń bá yín kà á láti ọjọ́ tí Bàbá Faridah ti lọ, bí wọ́n ṣe máa ń bá wa kà á nílé. Oṣù tó ń lé lókè la fi ń kà á ṣá, kì í ṣe ti kàlẹ́ńdà, ti kàlẹ́ńdà máa ń gùn jù ú lọ. Ọmọ mi ló sọ fún mi pé ọ̀la lẹ ń rìnrìn àjò. Inú mi dùn gan-an. Ẹ lọ, jàre, ẹ lọ fojú yín rí nǹkan tó dáa. Mo kàn fẹ́ kí n wọ train wá bá yín ṣàdúà kẹ́ ẹ tó lọ ni. Ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá gbọ́."

Mọ̀nsúrát tún un gbọ́. Ó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Ó dìde, ó lọ sídìí fíríìjì, ó já kàlẹ́ńdà náà lulẹ̀, ó sì bá a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó ń kó aṣọ jáde nínú àpótí lọ́jọ́ Jímọ̀, kò ṣe opó ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó wá ṣí ilẹ̀kùn fún un ló sá fún. Ó ṣírò bóyá ó ṣì lè bá wọn: ọ̀la ni Délọ̀sì, ilẹ̀ sì ti ń ṣú lọ́hùn-ún báyìí. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó pe orúkọ Múrítàlá. Ó fi ọwọ́ lu ilẹ̀ kíṣìnnì, ó tún lù ú, ó ń wí pé, "Mo ti yege, Bàbá Faridah, mo ti yege, mi ò mọ̀."

Aago méje àárọ̀ ọjọ́ Àtàláátà, fóònù dún. Faridah ni, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gan-an lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti kọjú fóònù sí ibi tí àwọn kìnnìún wà.

"Mummy, ṣé ẹ ń rí i?"

Mọ̀nsúrát gbé fóònù dé ibi tí ipénpéjú òsì fi ń kàn án. Ìmọ́lẹ̀ funfun nìkan ló rí. "Mi ò rí i. Sọ ọ́ fún mi."

Ọmọ tí kì í fi Yorùbá dáni lóhùn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀rọ̀. "Wọ́n jókòó. Wọ́n... wọ́n fi ọwọ́ iwájú dúró, wọ́n fi ìdí jókòó. Òkúta wọn funfun, but kò mọ́. Eléyìí ò lójú mọ́. Òjò ti jẹ ojú ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ló kù. Ó là á gan-an. Bíi Daddy."

Mọ̀nsúrát rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún níbi tó wà. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Mọ̀nsúrát ń sunkún, kò rí nǹkan kan.

"Òní ló parí, abi?" ni Faridah wí. "Opó yẹn. You did it, Mummy. Ká ní wọ́n lè sún un ní three days péré, ẹ̀ bá wà níbí. Ìjókòó yín ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀. Mo gbé báàgì mi sí i."

Mọ̀nsúrát fi etí ìborùn nu ojú. Kàlẹ́ńdà náà ṣì wà nílẹ̀ níbi tó já a sí. Ó rò ó pé òun á sọ ọ́. Ó tún ro bí ọmọ náà ṣe máa ru ú kiri nínú oòrùn yẹn, òun tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọjọ́ náà sínú fóònù.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Òní ló parí. Sọ ti èyí tó tẹ̀ lé e fún mi."