Ẹ̀yìn Mi Ni Àṣàkẹ́ Tẹ̀lé

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní Ikosi, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń rọ̀ níbi tí mo wà yìí, etí mi á kọ́kọ́ máa wá ìró pátákò ẹṣin.

Lọ́dún 2007, èmi ni ọ̀gá ilé ẹṣin kan lẹ́yìn Mile 12. Ẹṣin mẹ́rin la ní, a sì máa ń fi wọ́n háyà fún ìgbéyàwó àti ìwúyè. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ wọn pé bí ènìyàn bá kọjú sí wọn, tó gbọ́wọ́ sókè, kí wọ́n dúró gbọin, kí ìyàwó lè rí fọ́tò yà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹwàá, odò Ògùn kún wọ ọgbà wa. Nígbà tí mo fi dé, omi ti mu àwọn ẹṣin dé orúnkún. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó jáde sí títì, omi ti bò ó. Rahmon, ọmọṣẹ́ mi tó ń tọ́jú wọn, ti tú gbogbo wọn sílẹ̀.

"Àṣàkẹ́ ni kó ṣíwájú," ó ní. "Bí kò bá lọ, àwọn tó kù ò ní lọ."

Mo bọ́ síwájú Àṣàkẹ́, abo ẹṣin tí àwọn yòókù máa ń tẹ̀lé, mo fa okùn, mo na ọwọ́ kejì sókè, mo ń pè é. Abo ẹṣin náà dúró bí òpó. Mo pariwo mọ́ ọn, kò mira. Omi ti ń kan ikùn rẹ̀. Mo ní kí Rahmon bá mi mú pàṣán wá.

"Pàṣán kẹ̀, Ọ̀gá? Ẹ ní kó dúró, ó dúró, ẹ tún fẹ́ nà án. Àbí fọ́tò lẹ fẹ́ yà fún un nínú omi?"

Ìgbà yẹn ni mo tó rí ọwọ́ ara mi lókè.

"Ẹ kẹ̀yìn sí i. Ẹ dẹ okùn. Ẹ máa lọ, ẹ má bojú wẹ̀yìn o."

Mo sọ ọwọ́ kalẹ̀, mo yí padà, mo kọjú sí ọ̀nà títì. Okùn náà rọ̀ lọ́wọ́ mi débi pé n kò mọ̀ bóyá nǹkan kan wà ní ìdí rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo gbé èkejì. Ọrùn mi fẹ́ yí, mo kọ̀ fún un. Omi mu mí dé àyà. N kò gbọ́ nǹkan kan lẹ́yìn mi.

Lẹ́yìn náà, èémí gbígbóná kan bà mí ní ìpàkọ́.

Síbẹ̀ n kò wẹ̀yìn, títí ẹsẹ̀ mi fi kan ọ̀dà títì. Rahmon ló kà wọ́n. "Mẹ́rin pé, Ọ̀gá."

N kò mọ ibi tí Rahmon wà lónìí. Mo ti darí ènìyàn púpọ̀ láti ìgbà náà. Bí mo bá pè wọ́n tí wọ́n dúró sójú kan, ọwọ́ ara mi ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.